Ṣé Ó Yẹ Kí A Kọ́ Ilé fún Ọkọ́?

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan dáadáa. Ọkọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọkọ tí ń gbé ìyàwó. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Kútọnu. Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè ni. Ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín ni, tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tí ẹ̀rùkọ́ rẹ̀ sì ń dán nítorí ọwọ́ tó ti mú un fún ọdún púpọ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: ṣé ó yẹ kí a kọ́ ilé fún irú ohun bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe abẹ́ àjà tí a óò gbé e sí kí òjò má pa á ni à ń wí. Ilé gidi ni, tí àwọn ènìyàn yóò máa wá wò ó, tí wọn yóò máa dákẹ́ níwájú rẹ̀ bí ẹni dákẹ́ níwájú àga ọba.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọba ni a mọ̀ pé wọ́n ń ṣe irú èyí fún. Ààfin àwọn ọba Àbọ̀mẹ̀ ti di ibi ìwòran tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìní ààfin náà 26 padà, nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn kó lọ ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì yẹ kí inú dùn. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Kétu kò gbàgbé pé ọmọ ogun Àbọ̀mẹ̀ kan náà ló jó ìlú wa ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Nínú oko àwọn ọba náà, ẹrú ló ń mú ọkọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Nàgó. Àga ọba ti padà wálé. Ọkọ́ àwọn tó bọ́ ọba ńkọ́? Ta ló wá a?

Nítorí náà ìbéèrè wa kì í ṣe ẹ̀rín. Ta ni ó yẹ kí a máa rántí? Kí ni a jẹ àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn bọ́ wa? Ṣé a lè fi ohun èlò kan lára ògiri san gbèsè náà?

Ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ohun tí àwọn mìíràn ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Reading. Rẹ́dìn ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ní ọdún 1951, yunifásítì ìlú náà dá ilé kan sílẹ̀ fún ohun èlò àgbẹ̀ àti ìgbé ayé àwọn ará oko. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní mizé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn? Ṣáájú, ẹṣin ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń túlẹ̀. Ẹṣin náà ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn láti oko wá sílé. Ṣùgbọ́n nígbà ogun ńlá tó parí ní 1945, àti lẹ́yìn rẹ̀, katakata gba oko. Ẹṣin kò níṣẹ́ mọ́. Ohun ìtúlẹ̀ tí ẹṣin ń fà di ohun tí wọ́n sọ sẹ́yìn ilé. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá àgbà fi owó ńlá ṣe di igi ìdáná. Àwọn kan rí i pé bí àwọn kò bá tètè kó nǹkan wọ̀nyí jọ, láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oko tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ East Hendred, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lavinia Smith ti ń kó irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jọ sínú ilé ara rẹ̀ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tó wà rárá. Ohun tí àwọn ará abúlé kò lò mọ́ ló ń gbà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tó kó jọ di ara ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Reading.

Bí ẹ bá wọ ilé náà lónìí, ẹ óò rí dòjé, ohun ìtúlẹ̀, agbọ̀n, ọ̀pá àwọn olùṣọ́ àgùntàn, àti àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù ńláńlá tí ẹṣin ń fà. Kẹ̀kẹ́ agbègbè kan kò jọ ti agbègbè kejì. Àwọn ará agbègbè Oxford máa ń kun tiwọn ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó mọ̀ wọ́n yóò wo kẹ̀kẹ́ láti òkèèrè, yóò sì sọ ibi tó ti wá, bí àwọn àgbà wa ti ń wo ilà ojú ènìyàn tí wọ́n sì ń mọ ìlú rẹ̀. Kò sí adé níbẹ̀. Igi, irin, awọ àti okùn ni.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín. Pàkúté kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ṣe é gba ìwé àṣẹ fún ní 1861. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ohun àtijọ́ fún ìwòran. Kò sí ẹni tó fi oúnjẹ sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà rí òkú èkúté nínú pàkúté náà. Èkúté ti yọ́ wọlé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i, pàkúté sì ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kàn án, lẹ́yìn ọdún 155.

Ẹ fi ìtàn pàkúté yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ẹni tó sọ pé kò yẹ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan láàárín wa lè sọ pé: "Ọkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ́ yangàn sí? Ọkọ́ ló tẹ ẹ̀yìn ìyá mi. Ọkọ́ ló sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di bí èèpo igi. Mo ń san owó ilé ìwé ọmọ mi nítorí kí ó má bàa mú ọkọ́. Bí ẹ bá kọ́ ilé fún un, èmi kò ní wọ ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ tì. Àwọn bàbá wa tiẹ̀ rí ohun tó burú ju èyí lọ. Ní ayé ìjọba Faransé, wọ́n ń fi agbára mú ènìyàn lọ la ọ̀nà, wọ́n ń fi agbára mú wọn ru ẹrù. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí i jáde. Ẹni tí wọ́n ti fi pàṣán lé lọ sẹ́nu iṣẹ́, ṣé a lè ní kí ó wá máa yin ohun èlò iṣẹ́?

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí yé, a óò rí i pé irọ́ ló ń bẹ̀rù. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò ro oko rí ló máa ń sọ pé oko dùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ á wá láti ìlú ńlá, á ya fọ́tò ọkọ́ lára ògiri, á ní, "Ó mà dára o!" Lẹ́yìn náà á padà lọ jẹ iyán tí ẹlòmíràn kọ ebè rẹ̀. Ilé tó bá ń fi ọkọ́ hàn tí kò fi ẹ̀yìn tó tẹ̀ hàn, ó ń bú ẹni tó ni ẹ̀yìn náà.

Ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè sọ òtítọ́ nípa ìyà? Ẹ jẹ́ kí a mú ohun èlò kan péré láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Igi ìpakà

Ohun èlò náà rọrùn. Igi gígùn kan ni, tí wọ́n fi awọ so igi kúkúrú mọ́ orí rẹ̀. Bí ẹni tó mú un bá ju igi gígùn, igi kúkúrú á fò sókè, á sì balẹ̀ gbàmù lórí ọkà. Òun ni wọ́n fi ń lu àlìkámà, ọkà tí à ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe búrẹ́dì, títí hóró rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti fi igi lu ẹ̀wà gbígbẹ rí mọ irú iṣẹ́ náà. Eruku á wọ imú, apá á máa ro ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìpakà yìí máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù, nígbà tí iṣẹ́ mìíràn kò sí nínú oko.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìpakà dé. Ẹ lè rò pé inú àwọn òṣìṣẹ́ oko dùn. Rárá o. Àwọn ọlọ́kọ̀ oko ńlá ló ni ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ kò ní ilẹ̀. Owó iṣẹ́ òòjọ́ ló fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ebi wọ ilé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1830, ní agbègbè Kent, àwọn òṣìṣẹ́ oko bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ràn ká gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí iná inú ọyẹ́. Ìjọba kò fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú wọn. Wọ́n pa 19 nínú wọn. Wọ́n fi nǹkan bí 500 sínú ọkọ̀ ojú omi lọ ṣẹ̀wọ̀n ní Ọsirélíà, ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ìyàwó àti ọmọ wọn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa ni William Winterbourne, láti abúlé Kintbury. Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1831 ni wọ́n yẹgi fún un. Níbo? Ní Reading, ìlú kan náà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn wà lónìí.

Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ rò ó. Igi ìpakà ń fa ìrora. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn wewu nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ìrora náà. Oúnjẹ ọmọ wọn ló wà lẹ́nu igi náà. Ohun kan náà ni ìyà wọn, òun kan náà ni oúnjẹ wọn.

Bí a bá gbé irú igi bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri, tí a sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "igi ìpakà" nìkan, a kò parọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ òtítọ́ tán. Bí a bá sọ ìtàn Winterbourne mọ́ ọn, ohun tó wà lára ògiri á yí padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Reading tún ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko, àwọn tó jà fún owó iṣẹ́ tó tó jẹun. Ibi tí kẹ̀kẹ́ olówó wà, ibẹ̀ náà ni ìwé àwọn tálákà wà. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dá obìnrin wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá, ẹ̀rù irọ́ tó ń bà yín tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọkọ́ nù, ẹ̀rí ìyà tí ìyá yín jẹ náà ti sọnù. Ọmọ ọmọ yín tí yóò jókòó nínú ọ́fíìsì lọ́la, báwo ni yóò ṣe mọ ẹ̀yìn tó tẹ̀ kí òun tó rí àga jókòó sí?

Ọwọ́ ló mọ̀, irin kò mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ pàkúté wa. Pàkúté náà pa èkúté láìsí ènìyàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Ọkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ́ sínú oko fún ọdún 155, kò ní kọ ebè kan. Ìdajì ọkọ́ ni irin àti igi. Ìdajì kejì wà nínú ọwọ́ ẹni tó mú un. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè tọ́jú ìdajì àkọ́kọ́. Ta ni yóò tọ́jú ìdajì kejì?

Ní ìlú Farnham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Sturt. Olùkọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ní 1884 bàbá rẹ̀ kú, ọmọ tó mọ̀wé sì di ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí kò mọ iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀, tí wọn kò lọ sí ilé ìwé tó o, ni wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan. Igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Igi àárín, tí a lè pè ní ìdodo rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tí kì í là. Àwọn ọ̀pá tó ti ìdodo jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ igi líle tí ẹrù kò lè ṣẹ́. Etí tó yí i po gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó lè kọlu òkúta tí kò ní fọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé igi, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó.

Ó tún ku ohun kan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó jinnú díẹ̀, bí àwo ọbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́ wọn ṣe ń ṣe é. Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé Sturt. Bí ẹṣin bá ń rìn, ara rẹ̀ á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì. Ẹrù inú kẹ̀kẹ́ á máa ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo ìṣísẹ̀ ẹṣin. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní lè gbà á fún ìgbà pípẹ́. Jíjinnú yẹn ló fún un lágbára. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ayé ń pè ní òpè.

Ní 1923, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ẹṣin, Sturt tẹ ìwé kan jáde nípa gbogbo ohun tó kọ́ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ó dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ. Lónìí, ẹni tó bá wo kẹ̀kẹ́ nìkan yóò rí igi. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rí ènìyàn tó gbẹ́ igi náà, yóò sì mọ ìdí tó fi gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó béèrè tó sì tẹ́tí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní àǹfààní tí Sturt kò ní. Ọwọ́ yín ti mọ ọkọ́ kí ó tó mọ bíìkì. Nísinsìnyí ó mọ méjèèjì.

Ohun tí ọkọ́ wa kò lè sọ fúnra rẹ̀

Ẹ gbé ọkọ́ yín wá, ẹ wò ó bí ẹni tí kò rí ọkọ́ rí. Kí ni irin yẹn lè sọ fún un? Kò lè sọ ìdí tí ọkọ́ ìkọ-ebè fi tóbi ju ọkọ́ ìroko lọ. Kò lè sọ igi tó dára fún ẹ̀rùkọ́ àti èyí tí ń bó ọwọ́. Kò lè sọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ebè. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ láboko, ẹ mọ kókóró. Láboko tètè ń jáde, òun ló dùn ní iyán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa ń wa á: ẹ kọ́kọ́ bẹ́ iṣu ńlá kúrò, ẹ bo ìdí rẹ̀ padà, kí ó lè ta èyí tí ẹ óò fi ṣe èbù. Kókóró ní tirẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ń wa á, ó kéré, ó sì máa ń pọ̀ lábẹ́ ebè kan. Òun ló dára fún èlùbọ́. Lábẹ́ orúkọ ńlá méjèèjì yìí, orúkọ kéékèèké pọ̀, abúlé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ṣé ẹ rántí orúkọ iṣu kan tí bàbá yín ń gbìn, tí ẹ kò rí lọ́jà mọ́? Bí orúkọ iṣu bá kúrò lẹ́nu, iṣu náà kì í pẹ́ kúrò lóko. Ta ni yóò wá ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé ọgbọ́n àwọn obìnrin, nítorí kì í sábà ní irin tí a lè gbé kọ́ ògiri. Ìyá tó ń bọ iṣu fún èlùbọ́ mọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó. Ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá tó so àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè àárò mọ̀ pé èéfín ló ń lé kòkòrò. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè gbé èéfín sínú àpótí. Ènìyàn nìkan ló lè sọ ọ́, tàbí kí ó kọ ọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: "Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwé kọ ebè." Òtítọ́ ni. Ìwé kò lè kọ́ ẹ̀yìn bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò sì lè kọ́ ọwọ́ bí a ṣe ń gbé ilẹ̀ yí. Ohun tí a fojú rí tí a sì fọwọ́ ṣe ló ń wọ ara. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti rí i. Lílọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán an lọ kí ó lè rí ohun tó sàn. Ohun tó jẹ yín kì í ṣe pé kí ó tún ìyà yín jẹ. Ohun tó jẹ yín ni pé kí ó lè dárúkọ ẹni tó bọ́ ọ, kí ó sì mọ bí ẹni náà ṣe ṣe é. Bí ẹ kò bá sọ fún un, tí ẹ kò sì kọ ọ́, ibo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn wa

Ìdáhùn wa ni pé ó yẹ kí a kọ́ ilé fún ọkọ́, bí a bá lè pa nǹkan mẹ́ta mọ́.

Èkíní: kí ilé náà má purọ́. Níbi tí ọkọ́ bá wà, kí orúkọ ẹni tó mú un wà níbẹ̀, kí ìyà rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ayọ̀ ìkórè rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Èkejì: kí a má gba ohun èlò lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣetán láti fi sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan máa ń wọ abúlé, wọ́n á fi owó sẹ́fà díẹ̀ ra odó àtijọ́ tàbí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ lọ́wọ́ arúgbó, wọ́n á lọ tà á fún àlejò ní owó ńlá. Odó náà á lọ, ìtàn rẹ̀ á kú sí abúlé. Ohun tí gbogbo ẹbí jogún, kí ẹbí jókòó lé e lórí kí ó tó jáde nílé.

Ẹ̀kẹta ló tóbi jù: kí a má bọlá fún ọkọ́ ara ògiri, kí a sì máa kẹ́gàn àgbẹ̀ tó wà láàyè. Ẹ gbọ́ èdè tiwa fúnra wa. Bí a bá fẹ́ bú ènìyàn pé kò gbọ́n, kí ni à ń pè é? "Ará oko!" Ẹnu tí iṣu ará oko ṣì wà nínú rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ á dé iwájú ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí ó dúró níta títí ọ̀sán. Ìyá á ru iṣu dé ọjà, oníbàárà á ná an bí ẹni ń ná ohun tó hù fúnra rẹ̀. Bí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá kọ́ ilé tó dára fún ọkọ́ lọ́la, irin ni wọ́n bọlá fún. Wọn kò bọlá fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará Reading kọ́ ilé fún ìgbé ayé ará oko nígbà tí ìgbé ayé náà ti ń lọ tán. Tiwa kò tíì lọ. Àwọn tó mọ̀ ṣì ń jí lówùúrọ̀, wọ́n ṣì ń lọ sí oko. Nítorí náà, kò yẹ kí a dúró de ìjọba tàbí símẹ́ńtì. Ìwé àjákọ tí ẹ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohun èlò kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹ ti ń pè é ní abúlé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń lò ó àti ẹni tó ṣe é. Ẹ kọ ohun tí a fi ń ṣe, ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìrora tó ń fà, àti ẹni tó fi bọ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà tó ni ọ̀rọ̀ gbọ́ ohun tí ẹ kọ. Ẹ kà á fún un. Bí kò bá tọ̀nà, òun ni yóò tún un ṣe.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ tí a bá wá rí owó kọ́ ilé fún ọkọ́, ohun tí a óò kọ sábẹ́ rẹ̀ yóò ti wà nílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú kíláàsì

1. Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú obìnrin tó sọ pé òun kò ní wọ ilé ọkọ́? Kí ni ẹ̀yin yóò sọ fún un?
2. Kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fọ́ ẹ̀rọ tí ì bá dín iṣẹ́ wọn kù? Ṣé ẹ rò pé wọ́n jàre?
3. Ẹ dárúkọ iṣu kan, ẹ̀wà kan tàbí àgbàdo kan tí a kò gbìn mọ́ ní abúlé yín. Ta ló ṣì mọ̀ ọ́n?
4. Nígbà wo ni ẹ gbọ́ tí wọ́n fi "ará oko" bú ènìyàn gbẹ̀yìn? Kí ni ẹ ṣe?